Ẹni Tó Bá Ń Dí Nǹkan Mímu, Kó Rántí Ọwọ́ Tó Máa Ṣí I

Gbogbo wa la máa ń fi eyín ṣí píọ̀ wọ́tà. Ọmọdé àti àgbà, lọ́yà àti ọlọ́kadà, ẹni tó ń lọ sóde àti ẹni tó ń bọ̀ láti oko, a máa mú igun kan, a máa gé e jẹ, a máa tu awẹ́ ọ̀rá tó já yẹn sílẹ̀, a máa bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Ó ti mọ́ wa lára débi pé kò jọ ìṣòro lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ro ọ̀nà tí ọ̀rá yẹn gbà kó tó dé ẹnu yín. Wọ́n kó o láti ilé iṣẹ́ sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n tò ó sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tà á dà á sínú kúlà tí omi yìnyín inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ọmọ tó ń kiri ní oríta Ijigbo gba owó lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, ó fi ọwọ́ yẹn náà yọ ọ́ fún yín, ẹ sì fi í bọ ẹnu. Omi inú rẹ̀ lè mọ́ lóòótọ́, nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n ti gbé e kọjá lábẹ́ iná UV tó ń pa kòkòrò, gbogbo iṣẹ́ yẹn tán, ibi tó dọ̀tí jù lára ọ̀rá la kọ́kọ́ fi kan ahọ́n. Lásìkò tí onígbáméjì bá ń jà, ìjọba á ní ká mu omi tó mọ́, wọ́n á sọ ọ́ lórí rédíò, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan igun ọ̀rá.

Mílíìkì sóyà àti zobo ni mò ń ṣe tà níbí ní Ado-Ekiti, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò sì pọ̀. Àwa tó ń dí nǹkan mímu, bí kò ṣe ní jò nìkan la máa ń rò, ẹni tó máa ṣí i kì í sí nínú èrò wa, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí méjèèjì jọ wà nínú iṣẹ́ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kódà mo rò pé ṣíṣí ló yẹ ká kọ́kọ́ rò kó tó kan dídí. Ẹ fún mi ní sùúrù, ó máa gùn díẹ̀.

Àṣà ká dí nǹkan ká má rántí bí wọ́n ṣe máa ṣí i ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1810 ni Peter Durand gba ìwé ẹ̀rí, èyí tí ìjọba fi ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó mú ọgbọ́n tuntun wá, lórí agolo ní England. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, kì í bàjẹ́, àwọn ọmọ ogun ojú omi ń gbé e rìnrìn àjò, ohun gbogbo dáa, àfi pé kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan tí wọ́n máa fi ṣí i, òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú ni wọ́n fi ń gbá a. Ó di 1855 kí Robert Yeates tó gbé irin ìṣígolo jáde ní England, 1858 sì ni ti Ezra Warner ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní ogójì ọdún tí agolo fi wà láyé tí ohun tó máa ṣí i ò sí.

Àwa náà ò tíì kúrò níbẹ̀ tán o. Mélòó nínú yín ló ní irin ìṣígolo nílé? Ọ̀bẹ la fi ń gún agolo mílíìkì, a máa gbé e lélẹ̀, a máa fi òkúta tàbí ọmọ odó kékeré gbá ìdí ọ̀bẹ, ihò kan níbí, ihò kan lọ́hùn-ún. Ihò kejì yẹn kì í ṣe àṣedànù, bí mílíìkì ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé láti gba àyè rẹ̀, tí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ńṣe ni mílíìkì á máa kán tó, tó, á tún dúró. Ohun kan náà ló fà á tí kẹ́ẹ̀gì epo fi máa ń pọ̀ ọ́ síni lára tí a bá dojú ẹ̀ délẹ̀ kíákíá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dà á yí ẹnu kẹ́ẹ̀gì sí apá òkè kó tó tẹ̀ ẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà wọlé lókè bí epo ṣe ń jáde nísàlẹ̀. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́, kò sẹ́ni tó fi fíṣíìsì kọ́ wọn. Mo ń sọ ọ́ torí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tó rọrùn láti ṣí gbọ́dọ̀ rántí pé ṣíṣí nìkan ò tó, nǹkan inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìdérí ìgò mínírà náà ní ìtàn tiẹ̀. William Painter ní Baltimore ló gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dún 1892, ìdérí irin tó ní eyín yíká yẹn. Eyín 24 ló ní nígbà yẹn, 21 ni ti òde òní, ẹ lè kà á tí ẹ bá rí ọ̀kan nílẹ̀. Ó dí gáàsì mọ́nú ìgò dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà ń bèèrè irin, níbi tí irin ò bá sì sí, etí tábìlì ni, ẹnu ìgò míì ni, tàbí eyín. Mo mọ ọkùnrin tí eyín iwájú ẹ̀ ti kán síbi àṣehàn yìí nílé àríyá.

Ẹni tó wá yí ọ̀rọ̀ padà ni Ermal Fraze, ará Ohio ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1959 ó lọ ṣe fàájì níta pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, kò sí irin ìṣígolo, bọ́ńpà mọ́tò ló fi ṣí agolo, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn ẹ̀ mọ́. Ó ṣe é kó jẹ́ pé ohun tí a máa fi ṣí agolo, òrùka tí à ń fà, wà lórí agolo fúnra ẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀ ní 1963. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni kókó kékeré tó di òrùka yẹn mú. Wọn ò lu ìdérí agolo já láti kan án mọ́ ọn, torí tí wọ́n bá lu ihò, gáàsì á jò. Ara ìdérí gan-an ni wọ́n tẹ̀ sókè di kókó, wọ́n wá tẹ òrùka mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi irin fa ilà yíká ibi tó máa ṣí, ilà yẹn ò gé e tán, ó kàn jẹ́ kó fẹ́lẹ́ níbẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Agolo le níbi gbogbo, ibì kan ṣoṣo ló gbà fún ọwọ́, ibi tí ẹni tó ṣe é fẹ́ kó gbà sì ni.

Ṣùgbọ́n òrùka yẹn máa ń já kúrò, àwọn èèyàn ń jù ú sílẹ̀, ó ń gé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ létí òkun. Ìgbà tó di 1975 ni Daniel Cudzik tó ń ṣiṣẹ́ ní Reynolds Metals gbé èyí tí kì í já kúrò jáde, òun ni a ń lò títí dòní. Tí ẹ bá ní agolo mínírà nítòsí, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé òrùka sókè, kókó yẹn ló gbé dìde, ilà ya díẹ̀, gáàsì jáde ṣíìì. Bí ẹ bá tún gbé e síwájú ni imú òrùka tó wá tẹ ẹnu agolo wọ inú. Ìgbésẹ̀ méjì ni, ti àkọ́kọ́ ń tú agbára inú agolo sílẹ̀ kí ìkejì tó ṣí i, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bú gbàmù mọ́ wa lọ́wọ́. Ní Yúróòpù báyìí, láti oṣù keje 2024, òfin ti ní kí ìdérí ìgò ike nǹkan mímu tí ò ju lítà mẹ́ta lọ máa so mọ́ ara ìgò lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i. Èrò Cudzik náà ni, pé ohun tí a ṣí kúrò ò gbọ́dọ̀ di ìdọ̀tí. Ẹ wá wo igun ọ̀rá tí à ń tu sílẹ̀ kiri Ado, ẹyọ kan ò tó nǹkan, gbogbo ẹ̀ pátá ló ń wọ inú gọ́tà.

Ibi tó gbà mí ní àkókò jù láti lóye nìyí, mo sì rò pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé lórí. Mo máa ń rò pé ohun tó bá dí dáadáa gbọ́dọ̀ le láti ṣí, pé tí a bá fẹ́ kó rọrùn láti ṣí a gbọ́dọ̀ gbà kó máa jò díẹ̀. Èrò gbogbo wa lọ́jà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Agbára tó ń fẹ́ tú ọ̀rá láti inú yàtọ̀ sí agbára tí ọwọ́ fi ń ṣí i láti ìta. Tí wọ́n bá gbé báàgì píọ̀ wọ́tà lé ara wọn sẹ́yìn mọ́tò, omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ti ọ̀rá síta, ìtì yẹn sì pín káàkiri gbogbo gígùn ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, kò sí ibì kan tó dá gbé e. Ṣùgbọ́n tí ìka méjì bá di etí ọ̀rá mú tí wọ́n sì ń ya á láti igun kan, gbogbo agbára ìka yẹn ló kó jọ sórí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ibi tí yíya ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ojú kan náà lè le koko fún omi kó sì rọ̀ fún ọwọ́. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é láti mọ ibi tí ọwọ́ á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ike yọ́gọ́ọ̀tì tó ní bébà dídán lórí. Níbi tí etí bébà yẹn ti yọ síta kí a lè dì í mú, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ kó ní ṣóńṣó kan tó kọjú sí wa, kí yíya bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan kékeré. Tó bá ti ya níbẹ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ pàápàá ní ọgbọ́n nínú, wọ́n máa ń po ike méjì tí kì í darapọ̀ tán, polyethylene àti polybutene fún àpẹẹrẹ, kó lè mú dáadáa ṣùgbọ́n kó jẹ́wọ́ tí a bá ń ya á. Tó bá jẹ́ polyethylene lásán pẹ̀lú polyethylene lásán ni wọ́n fi iná jọ lẹ̀, méjèèjì á yọ́ di ọ̀kan, kò sí ojú kankan mọ́ tó máa ya, àfi kí ọ̀rá fúnra ẹ̀ fà ya.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wa rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Máṣíìnì fa ọ̀rá wálẹ̀ láti orí róòlù, ó ká a róbótó bíi páìpù, ó lẹ ẹ̀yìn ẹ̀, ó lẹ ìsàlẹ̀, ó rọ omi sí i, ó lẹ òkè, ó gé e, ó tún kàn. Ọ̀rá yẹn, tí ẹ bá fà á, ńṣe ló máa ń nà, á funfun, á tún nà sí i, kì í ya kíá. Wọ́n dìídì yàn án bẹ́ẹ̀ kó má bàa bẹ́ tó bá já sílẹ̀, mi ò sì lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rá tòmátò kékeré tàbí ti mílíìkì ìyẹ̀fun, òun máa ń ya ní tààrà. Ìdí ni pé ọ̀rá tiẹ̀ jẹ́ ìpele-ìpele, èyí tó wà níta le, wọ́n ti nà án nílé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lè nà mọ́, tí ojú gígé kékeré kan bá ti wà létí ẹ̀, agbára ọwọ́ á kó jọ síbẹ̀, á sì ṣí rẹrẹ. Eyín ayùn tí ẹ máa ń rí létí àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kan, iṣẹ́ tó wà fún náà nìyẹn, kò sí ibi tí ìka bọ́ sí tí kò ní bá ojú gígé kan pàdé. Ẹ̀ṣọ́ lásán kọ́.

Ooru ni ohun kejì. Àwọn tó ń bá wa lẹ ọ̀rá máa ń rò pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ojú ẹ̀ ṣe máa dáa tó. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bí ooru ṣe tó, bó ṣe pẹ́ tó lórí ọ̀rá, àti bí irin ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Tí iná bá kéré, á jò. Tí iná bá pọ̀ jù, ike á yọ́ jù, á fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, á wá bẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n bá kó o sí mọ́tò, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí wọ́n lẹ̀ á ti le gbagidi fún ọwọ́. A pàdánù lápá méjèèjì. Ti mílíìkì sóyà tún le ju ti omi lọ, torí tí ẹ̀kán kan bá ta sí ojú ibi tí irin fẹ́ tẹ̀, òróró àti sóyà inú mílíìkì ò ní jẹ́ kí ike kan ike, á dà bíi pé ó lẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó rí i pé fíríìjì ti kún fún mílíìkì. Ohun tó dáa ni ká fi àyè sílẹ̀ lókè, ká má rọ ọ́ kún dé ojú ìlẹ̀.

Ní ti ìgò ike, màmá mi ló jẹ́ kí n máa wò ó dáadáa. Ikere ni wọ́n ń gbé, ọjọ́ ti lọ lórí wọn, làkúrègbé sì ti mú oríkèé ìka wọn. Wọ́n fẹ́ràn zobo mi gan. Lọ́jọ́ kan tí mo délé, mo bá ìgò tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí tábìlì, wọn ò tíì ṣí i. Mo ní, "Màmá, ṣé kò dùn ni?" Wọ́n ní, "Ó máa dùn. Mò ń dúró de ọmọ ẹ̀gbẹ́ ilé kó dé láti ilé ìwé kó wá bá mi ṣí i." Wọ́n sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, àgbà obìnrin tó tọ́ gbogbo wa dàgbà ń dúró de ọmọ ọdún mẹ́jọ kó tó lè mu nǹkan nílé ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Iye àwọn àgbà tó wà ní Ikere, ní Ijero, ní Ikole, ní Oye, tí àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n ń dá gbélé, ta ló ń bá wọn ṣí nǹkan?

Ìdérí yíyí yẹn, bí ó bá ṣe kéré tó ni ìka ṣe gbọ́dọ̀ fún un mọ́ra tó kó tó yí. Ìdérí tó fẹ̀ rọ ọwọ́ lọ́rùn torí agbára kékeré létí ibi tó fẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti dín ike kù, àwọn ilé iṣẹ́ àgbáyé ti sọ ọrùn ìgò àti ìdérí di kúkúrú, ó dáa fún owó, ó dáa fún ilẹ̀ náà, àmọ́ ibi tí ọwọ́ máa dì mú ti dín kù. Ẹ wá fi òrùka ìsàlẹ̀ ìdérí kún un, èyí tí àwọn okùn ike tíntìntín so mọ́ ìdérí tó gbọ́dọ̀ já kí ìgò tó ṣí. Ti zobo tún ní tiẹ̀, ẹlòmíì máa ń rọ ọ́ ní gbígbóná kó má bàa tètè kan. Ìgò ike lásán tí à ń rà ní Ọjà Ọba máa ń rọ̀, á sì lọ́, tí ohun inú ẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 70°C. Tí ìgò náà bá sì jẹ́ irú tó gba ooru, nígbà tí zobo bá tutù nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú á súnkì, ìta á máa tẹ ìdérí mọ́ ọn, ọwọ́ tó ní làkúrègbé ò ní lè yí i. Ẹni tó ń rọ gbígbóná ló yẹ kó wá ìdérí tó fẹ̀ tó sì ní ilà-ilà jíjìn létí.

Àwọn kan ti ń rò ó níbòmíì o. Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO 17480, tó jáde ní 2015, lórí bí àpò àti ìgò ṣe gbọ́dọ̀ rọrùn fún gbogbo èèyàn láti ṣí, àgbà àti ẹni tí ara ẹ̀ ò dá ṣáṣá wà nínú ìrònú wọn. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Japan. Lórí páálí mílíìkì wọn, wọ́n gé ibì kan kékeré tó ṣe àbọ̀ róbótó sí etí òkè, kí ẹni tí ò ríran lè fọwọ́ kàn án kó mọ̀ pé mílíìkì nìyí, kì í ṣe omi èso. Ìyẹn nìkan kọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì sí ibi tí wọ́n gé yẹn ni páálí ti ń ṣí, nítorí náà ìka kan náà ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n máa ṣí i fún un. Gígé kan ṣoṣo ni, kò gba ìnáwó tó pọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé tó bá rọrùn jù láti ṣí, ẹni burúkú á ṣí i á fi nǹkan sí i. Òótọ́ ni, mi ò fojú kéré ẹ̀. Lọ́dún 1982 ní Chicago, ẹnì kan fi májèlé sínú oògùn Tylenol lórí káńtà, èèyàn méje ló kú, láti ìgbà yẹn ni ayé ti gbà pé ohun tí a bá dí gbọ́dọ̀ fi hàn tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i. Àwa náà mọ àwọn tó ń ṣa ìgò nílẹ̀ tí wọ́n ń rọ ayédèrú sí i. Ṣùgbọ́n kó fi hàn pé wọ́n ti ṣí i yàtọ̀ sí kó le láti ṣí. Bébà dídán tó máa ń wà lábẹ́ ìdérí àwọn ìgò kan kò le rárá, ó sì ń fi hàn. Wọ́n máa ń gbé ìgò kọjá lábẹ́ wáyà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, wáyà yẹn ò fara kan ìgò, ṣùgbọ́n bébà inú ìdérí á gbóná fúnra ẹ̀, ike tó wà lábẹ́ ẹ̀ á yọ́ lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò. Lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bá ti ṣí i, kò ṣeé dá padà. Irú èyí tó dáa ni èyí tó ní etí kékeré lórí tí ìka lè dì mú fà. Èyí tí ò ní etí ló ń mú kí a máa fi ọ̀bẹ gún un, gbogbo àǹfààní ẹ̀ á wá bá ọ̀bẹ lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan mímu ló fẹ́ ká dí i pa. Ẹmu ń jẹ́ ẹ̀rí. Ògùrọ̀ tí wọ́n gbé wálé láàárọ̀ ṣì ń hó, gáàsì ń jáde lára ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹni tó bá dé e pa nínú ìgò á gbọ́ ìró ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́mu fi máa ń fi ewé ki ẹnu kèrègbè tàbí kí wọ́n dé kẹ́ẹ̀gì láìfún un, kí èémí lè máa jáde. Àwọn ará FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Oshodi, ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe ń fi ooru dá híhó ẹmu dúró kó lè gbé inú ìgò. Kí a tó yan ohun tí a máa fi dí nǹkan, ó yẹ ká mọ ìwà ohun tó wà nínú ẹ̀.

Bí mo bá ń sọ gbogbo èyí, ẹ̀kọ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ògì gbígbóná tó ń ṣàn ni wọ́n ń bù sínú ewé eéran, ewé yẹn kò ní lẹ́ẹ̀ kankan, kò sí iná tó lẹ̀ ẹ́, ìká nìkan ni. Wọ́n á ká a di kónkó, wọ́n á bu ẹ̀kọ sí i, wọ́n á pa á dé, ìwúwo ẹ̀kọ fúnra ẹ̀ á tẹ ibi tí wọ́n ká mọ́lẹ̀, kò ní jò. Ó tutù tán, arúgbó tí ò léyín, ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ìka kan ni wọ́n á fi tú u, ewé náà á sì di àwo tí wọ́n á fi jẹ ẹ́. Mi ò sọ pé ká padà máa fi ewé rọ zobo o, zobo ò lè dì. Mo kàn ń sọ pé àwọn obìnrin tó ń pọ́n ẹ̀kọ ní ọjà wa ti yanjú ẹ̀ tipẹ́, wọ́n mọ ibi tí ọwọ́ máa gbà wọlé kí wọ́n tó ká ewé.

Àwọn ará Sweden náà ń wá ohun tó jọ ọ́ nígbà tí Ruben Rausing dá Tetra Pak sílẹ̀ ní Lund lọ́dún 1951. Bébà ni wọ́n fi ń ṣe páálí wọn, èyí tó ń gbé mílíìkì pẹ́ láìsí fíríìjì sì ní ike àti alumíníọ̀mù tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Ihò sítírọ́ọ̀ lára páálí kékeré, wọ́n ti lu bébà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi ike àti alumíníọ̀mù bò ó, nítorí náà ibi tó fẹ́lẹ́ nìkan ni ẹnu sítírọ́ọ̀ tí wọ́n gé dá gẹ́rẹ́ ń bá pàdé. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń ṣí i fúnra ẹ̀. Máṣíìnì yẹn kì í ṣe ti irú wa, owó ẹ̀ pọ̀ ju wa lọ, àmọ́ ọgbọ́n ẹ̀ ṣeé yá.

Ekiti sì láyè fún un. Wọ́n ti rọ omi Ikogosi sínú ìgò, wọ́n ti sọ oko màlúù Ikun jí padà fún wàrà, ìyá tó ń ṣe zobo àti kunu pọ̀ nínú gbogbo àdúgbò láti Basiri dé Ajilosun. Ní ti yunifásítì, a ní EKSU, a ní FUOYE, a ní ABUAD, ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa oúnjẹ sì wà ní Poly Ado. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa máa ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí iye fítámì tó wà nínú zobo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan náà kọ ọ́ lórí igun ọ̀rá. Kó fi òṣùwọ̀n wọn iye agbára tí ọwọ́ ìyá arúgbó lè fi fa nǹkan, kó wọn iye tí ọ̀rá wa ń bèèrè, kó sọ fún wa bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Èmi á ra ìwé yẹn.

Ní báyìí ná, ohun tí mò ń bá ọlọ́rá mi fà nìyí, ẹ̀yin náà lè bá tiyín sọ ọ́. Kó má lẹ ọ̀rá dé etí pátápátá, kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lókè ibi tó lẹ̀ kí ìka lè rí nǹkan dì mú. Kó ṣe ojú gígé kékeré kan sí etí yẹn, kó má jẹ́ kó kan ojú tí a lẹ̀ rárá, kí omi má bàa gba ibẹ̀ jáde. Kí àmì wà níbẹ̀ tó ń tọ́ka, kó jẹ́ àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọ̀rá, torí ojú àwọn àgbà. Tó bá jẹ́ ọ̀rá tó ń nà nìkan ló ní, kó jẹ́ ká mọ iye tí èyí tó ní ìpele máa lé sí i, a lè kó owó jọ ra róòlù kan pọ̀, èmi àti àwọn ìyá méjì tá a jọ ń ṣe é. Kí ẹ tó san owó ọ̀rá púpọ̀, ẹ gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ rọ omi sí i, ẹ jókòó lé e lórí kẹ́ ẹ wò ó bóyá á bẹ́, lẹ́yìn náà ẹ fi òróró pa ọwọ́ kẹ́ ẹ gbìyànjú láti ṣí i. Kẹ́ ẹ wá gbé èyí tó kù fún àgbà kan ládùúgbò, kẹ́ ẹ má sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣí i fún wọn, kẹ́ ẹ kàn máa wo ibi tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ló yẹ kí ojú gígé yẹn wà.